Bírò Pupa

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Mọ́kọ́lá,
níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń mi ilẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe,
ni mo ti kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé lọ́wọ́ Bàbá Ọ̀jẹ́dòkun.
Ojú ewé mẹ́rìndínlógún ni mo kà fún wọn lọ́jọ́ Ajé.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n dá a padà:
àmì pupa ti sú bo gbogbo rẹ̀
bí ara ọmọ tí èéyi mú.
"Tún un wò." Wọn ò wí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àgbà ní ọwọ́ ọ̀tún la fi í bá ọmọ wí,
ká fi tòsì fà á mọ́ra.
Mo wo ọwọ́ òsì ọ̀gá mi títí,
ife tíì ló wà níbẹ̀.

Mo sá wọ balùwẹ̀ lọ sunkún,
mo ṣí ẹ̀rọ omi kí ariwo rẹ̀ lè bo tèmi.
Omi ò yọ.

Oṣù kẹta ni ìwé ìsìnkú kan wọlé láti Òkè Àdó.
Opó ní ká kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn ìwé:
"Ọkọ rere, sùn re o."
Àmì kan tí kò tó ẹsẹ̀ kòkòrò
bà lé orí ọ̀rọ̀ náà, ojú mi fò ó,
ọkọ di ọkọ̀.
Igba ẹ̀dà la ti tẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pariwo:
"Ọkọ̀ rere, sùn re o,"
àfi bí ẹni pé bọ́lẹkájà kan ló dákẹ́ sí gáréèjì.

Mo ti ń kó ẹrù mi sínú báàgì.
Bàbá fa àga, wọ́n jókòó tì mí,
wọ́n pè mí ní Àṣàkẹ́,
oríkì tí n kò mọ̀ pé wọ́n mọ̀.
"Ojú a máa parọ́," ni wọ́n wí,
"ohun tó ti mọ̀ ló máa ń rí. Fi ẹnu kà á,
kí etí bá ọ ṣọ́ ọ."
Wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀:
"Èmi tí ò ń wò yìí,
mo tẹ ìwé oúnjẹ fún àwọn ọmọléèwé rí.
'Ẹ se ọ̀bẹ yín fún ogún ìṣẹ́jú.'"
Ẹ̀rín bá ẹkún já lẹ́nu mi.

Wọ́n yọ ìdajì owó bébà nínú owó oṣù mi.
Ìdajì kejì, n kò mọ ẹni tó san án.
Mo kàn rí i pé lóṣù yẹn
Bàbá ń mu tíì láìsí mílíìkì.

Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Mọ́níyà.
Bírò pupa ti di tèmi.
Láàárọ̀ yìí, Àkànjí dúró níwájú tábìlì mi,
ọwọ́ mi ló ń wò, kò wo ojú mi.
Mo mọ ìwò yẹn.
Mo ní, "Ọdún tí òǹkọ̀wé ṣì kọ, tí o tún ṣe,
èmi gan-an ò bá má rí i."
Òtítọ́ ni, n kò fi pọ́n ọn lásán.
Mo ní, "Ṣùgbọ́n ojú ewé kọkànlá, ilẹ̀ ti di ilé."
Ó gbà. Kò sì lọ.
"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan.
Ẹ máa ń tẹ bírò yín mọ́lẹ̀ jù.
Ó ń wọ inú bébà mẹ́ta tó wà lábẹ́."

Àyà mi gbóná. Ta ló bí ọmọ yìí?
Òjò ti ń ṣú bọ̀ lórí páànù Òkè Pàdí,
mo ṣe bí ẹni ń wò ó.
Lẹ́yìn náà mo yí ìwé náà padà,
mo fi ìka tọ́ ẹ̀yìn rẹ̀:
ó ga gọ́ńgọ́gọ́ńgọ́, bí àpá ilà.

"O ṣé." Ó pẹ́ kó tó kúrò lọ́nà ọ̀fun mi.

Mo ra pẹ́ńsù kan ní Dùgbẹ̀ nírọ̀lẹ́, èyí tó rọ̀.
Mo ṣì máa ń gbàgbé.
Mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́.