Kí La Ó Fi Ṣe?

Niupọ́ọ̀tì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò wínníwínní
tí kò jọ pé ó fẹ́ dá, tí kò jọ pé ó fẹ́ rọ̀.
Mo jókòó sídìí tábìlì mi ní ilé ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀,
tíì mi ti tutù. Fáìlì kan ṣí sílẹ̀ níwájú mi:
kẹ̀kẹ́ tí kì í dúró.

Idwal Prosser ló fi ránṣẹ́, ará Tredegar,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, awakùsà tẹ́lẹ̀ rí.
Ó ní béèyàn bá ti kẹ̀kẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo
yóò máa yí títí ayé, láìmu epo, láìjẹ èédú,
yóò máa fa omi, yóò máa lọ ọkà,
yóò tanná sí gbogbo ilé tó wà ládùúgbò rẹ̀.

Òfin tí mo ń bá ṣiṣẹ́ kò gùn.
Ó ní kí nǹkan náà jẹ́ tuntun;
kó má jẹ́ èyí tí oníṣẹ́ ọwọ́ kankan lè rò láìronú;
kó sì ṣeé lò, níbi iṣẹ́ tàbí lóko.
Lóko pàápàá! Inú mi dùn pé wọ́n rántí àgbẹ̀.
Ẹ̀rọ tí kò lè ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe
kò ṣeé lò. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.
Ẹrú tí kì í jẹun kò sí; irin náà kò yàtọ̀.

Ìyá mi pè láti Ìgbájọ lánàá. "Abọ́sẹ̀dé,
tún iṣẹ́ yìí ṣàlàyé fún mi."
Mo ní, "Àwọn èèyàn á kó ọgbọ́n orí wọn wá,
èmi á bi wọ́n pé: kí la ó fi ṣe?"
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Wọ́n ń sanwó fún ọ lórí ìyẹn?
Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi bi bàbá rẹ lọ́fẹ̀ẹ́."

Bàbá mi. Ẹ̀rọ ìbẹ́gẹ̀ẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa,
páànù, ṣéènì kẹ̀kẹ́, abẹ mẹ́rin.
Ó bó ẹ̀gẹ́ méjì. Ẹ̀kẹta, ó bó àtàǹpàkò rẹ̀.
Adìyẹ ló padà sọ ọ́ dilé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀.
Gbólóhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́,
orúkọ nìkan là ń pààrọ̀. Mo kọ "Bàbá Prosser",
mo pa á rẹ́, mo kọ "Ọ̀gbẹ́ni".
Mo tún àwòrán wò, láti orí ọ̀kan dé ẹ̀fà:
ìgò omi, òṣùwọ̀n, bọ́ọ̀lù irin tó ń yí lọ sílẹ̀, tó ń yí bọ̀ sókè.
Àgbà ló ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.
Mo ṣí ìkeje.

Kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ ìlẹ̀kùn ni,
ìlẹ̀kùn àpótí tó ń tọ́jú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí.
Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n:
"Ìka mi kò ká mọ́. Ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi ń ṣí i."
Irin pẹlẹbẹ kan, sípíríìnì kan.
Nínú gbogbo ẹ̀tọ́ tó ń bèèrè, kò dárúkọ èyí.

N kò lè sọ pé tuntun ni. N kò tíì wá a.
Mo kàn gbé ìgbọ̀nwọ́ mi lé etí tábìlì,
mo tì í díẹ̀, bí ẹni pé ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀.
Lẹ́yìn náà mo kọ rárá sí kẹ̀kẹ́,
mo fi ẹsẹ òfin tì í.
Nísàlẹ̀, níbi tí a kì í kọ nǹkan kan sí, mo fi kún un:
"Ẹ jọ̀wọ́ sà, nípa àwòrán keje,
ta ló tún ń fi ìgbọ̀nwọ́ ṣílẹ̀kùn ládùúgbò yín?"