Òkúta Tí A Tò

Ìyá ìyá mi, Itiplui, ló sọ ọ́ fún mi
lọ́jọ́ tó jókòó sẹ́nu àgọ́, tó ń fi ọ̀bẹ ha awọ:
àwọn baba wa kì í sáré lé karibú.
Òkúta ni wọ́n ń tò, ọ̀kan lé ọ̀kan, bí ènìyàn tó dúró,
láti orí òkè títí dé etí odò,
wọ́n á fi koríko ṣe irun fún un kí afẹ́fẹ́ máa mì ín.
Karibú á rí i, á ní, "Èèyàn rèé o,"
á yà, á gba ibi tí a fẹ́ kó gbà.
Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣíwájú agbo, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.
Ẹni tó bá pa amọ̀nà,
ebi ni yóò fi ọdún tó ń bọ̀ jẹ.

Èmi náà ń to òkúta báyìí.
Ọkọ̀ mi ga ju ilé ìyá àgbà lọ.
Mo ń ru àpáta láti inú kòtò wúrà,
mo ń dà á sójú ọ̀nà, katakata ń tẹ̀ ẹ́,
ọgọ́ta kìlómítà, gbọọrọ,
kò sí irun koríko lórí rẹ̀.

Eruku ń bà lé ewé òkúta,
ewé wínníwínní tó ń fi ayé ènìyàn kan
dàgbà tó èékánná.
Mo já díẹ̀, mo fi sẹ́nu. Iyanrìn ni mo jẹ.

Nígbà tí oòrùn ò fẹ́ wọ̀ mọ́, rédíò ní,
"Ẹ dúró. Agbo ń bọ̀."
Mo pa ẹ́ńjìnnì.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn kí n tó rí wọn,
iṣan ẹsẹ̀ tó ń ta, kẹ́, kẹ́, kẹ́,
bí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń ta ìka ọwọ́.
Abo kan ló ṣíwájú, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀,
ìwo rẹ̀ kan ti ṣẹ́.
Ó gbóòórùn epo. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè,
kò gbé e sílẹ̀.
Kò sí ìbọn níbẹ̀. Èmi nìkan ni, búrẹ́dì lọ́wọ́,
mo ń sọ ọ́ lábẹ́nu: kọjá, ìyá, kọjá.
Ó wo òkúta náà láti ìhín dé ọ̀hún.
Ẹ̀rù tí àwọn baba wa fi kọ́ ìran rẹ̀
kò tíì kúrò lára rẹ̀.
Ó yà. Gbogbo wọn yà.
Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi bá ọ̀nà náà rìn
lọ sí ìhà tí kì í ṣe ibi ìbímọ wọn.
Rédíò ní, "Ọ̀nà ti ṣí. Ẹ máa bọ̀."

Owó mi ló ra ẹ̀rọ orí yìnyín tí Itiplui ń gùn.
Lọ́dọọdún ló ń gùn ún jìnnà sí i.
Lálẹ́ àná ó bi mí lórí fóònù bóyá mo rí ẹran.
Mo ní wọ́n pọ̀.
Ó ní, "Wọ́n kọjá?"
Mo ń gbọ́ ìkòkò rẹ̀ lórí sítóòfù,
ó ń hó, omi lásán.