Àwùjẹ̀ Kejì

Ìyá mi gbé òrí wá láti Ìṣẹ́yìn,
ó dì í sínú ìbọ̀sẹ̀ kó má baà yọ́ sára aṣọ.
Ní Dundee níbí, nínú Fẹ́búárì, òrí kì í yọ́.
Ó le bí òkúta nínú báàgì mi,
nọ́ọ̀sì sì ti ní n má tíì fi kan orí ọmọ.

Àpótí gíláàsì ni ọmọ wà.
Oṣù méje ni mo gbé e, ó ní òun ò lè dúró mọ́.
Àwẹ̀ró, orí rẹ ò ju ọsàn lọ.
Mò ń wo àwùjẹ̀ rẹ bó ṣe ń mí fúkẹ́fúkẹ́,
mo rò pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣì wà ní ṣíṣí nìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti là mí ń ta mí. Mo bèèrè oògùn,
èyí tó lágbára, tí wọ́n fún mi lálẹ́ àkọ́kọ́.
Apòògùn dé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, Iṣibẹ́ẹ̀lì,
ó fa àga, ó jókòó, kò kánjú.
Ó ní ohun tí mo bá gbé mì yóò dénú omi ọyàn,
omi ọyàn yóò dénú ẹ̀jẹ̀ ọmọ,
ẹ̀jẹ̀ yóò sì kan ilẹ̀kùn ọpọlọ.

Ògiri ibẹ̀ ti dúró láti inú oyún; ògiri kọ́ ni ẹjọ́.
Àwọn oníbodè ni.
Wọ́n á di àjèjì mú lápá, wọ́n á tì í padà sójú ọ̀nà,
wọn kì í bèèrè orúkọ baba rẹ̀.
Ti èmi àti Iṣibẹ́ẹ̀lì ti pé sẹ́nu iṣẹ́.
Ti Àwẹ̀ró, ẹni mélòó kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé,
àwọn yòókù ṣì ń bọ̀,
ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, oṣù dé oṣù.

Mo ní: ta ló ń ránṣẹ́ pè wọ́n?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó ń wádìí rẹ̀ náà ń bèèrè.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.
Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn,
n kò mọ̀ pé ọgbà náà lè jẹ́ orí ọmọ mi.

Parasítámọ̀ méjì ni mo gbà, mo fi omi tútù lé e.
Ní aago mẹ́ta òru mo fún ọyàn sínú ìgò,
mo payín keke.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀,
òtútù wà, mo mọ̀; afárá orí odò Tay gùn,
atẹ́gùn ibẹ̀ sì ń gbá ènìyàn létí.
Ẹ ṣáà máa bọ̀.
Èmi ni mo di bodè mú dè yín,
èmi tí n kò tíì lè nàró tán,
pẹ̀lú òrí nínú ìbọ̀sẹ̀.