Iná Ọkọ̀, Iná Ilé

Mítà wa ń ké bí òròmọdìyẹ tí ìyá rẹ̀ sọnù.
Pọ́n-ùn kan àti pẹ́nsì mẹ́tàdínlógún ló kù nínú rẹ̀.
Mo yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, mo wọ súwẹ́tà méjì léra,
mo sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹsàn-án lọ sí ṣọ́ọ̀bù igun òpópó.
"Ṣé mẹ́wàá ni kí n fi sí i?"
"Rárá o, márùn-ún. Búrẹ́dì ń bẹ lẹ́yìn."

N kò rí irú rẹ̀ rí, kí ògiri ilé máa yáni lówó,
kó sì gbà á padà kí ẹni tó jí.
A tanná o, a ò tanná o, owó ojúmọ́ ń lọ,
bí ẹni ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún oòrùn tí kò ràn.
Mofìyìnfólú ọmọ mi bèèrè lálẹ́ ọjọ́ kan pé
ṣé inú ìnáwó ni wọ́n ti yọ iná,
àbí inú iná ni ìnáwó ti jáde.
Mo ní kó lọ sùn.

Láti fèrèsé kíṣìnnì, èbúté Southampton là ń wò.
Ọkọ̀ ńlá náà ti gúnlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.
Ti èṣí, àjà mẹ́rìndínlógún ni mo kà.
Ti ọdún yìí, mo kà á dé ogún, ojú mi dàrú, mo tún un kà.
Gbogbo fèrèsé rẹ̀ ló ń tàn lọ́sàn-án gangan,
bí ilé ẹni tí kò mọ ibi tí bíìlì ń gbà wọlé.
Wọ́n ní pápá yìnyín wà nínú rẹ̀
tí wọ́n ti ń fi bàtà irin yọ̀ kiri:
iná ni wọ́n fi ń ṣe òtútù níbẹ̀,
òtútù tó ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wá bá wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi kò fi í ṣẹ̀sín. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mò ń fọ̀ jẹun.
Bí wọ́n bá ti ń jáde nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n ṣì gbóná,
mo máa ń fi wọ́n bojú díẹ̀ kí ọ̀gá tó kọjá.

Mọ́rìn, ìyá àgbà tó kọjú sí wa,
fi pẹ́ńsù ṣírò tirẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé bíìlì gáàsì:
ọ̀sẹ̀ méjì nílé, gáàsì, iná, oúnjẹ,
ẹnu tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀;
ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi, yàrá tí kò ní fèrèsé.
Ó ta aago ọkọ rẹ̀ olóògbé, ó fi wọ ọkọ̀.
Lédè tèmi, ohùn kan ṣoṣo ló ya àwọn méjèèjì.
"Níbẹ̀," ó ní, "kò sẹ́ni tí í wo mítà."
Mo fẹ́ sọ pé ẹni sá fún òjò kì í forí lé òkun.
Mo wo ìka rẹ̀, ó ti funfun dé oríkèé kejì.
Mo bá a fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé, òdòdó kan nínú ìkòkò,
ó ní pọ́n-ùn méjì ń bẹ nínú mítà.
"Aago márùn-ún la ó ṣí. Bá mi tan iná kíṣìnnì,
kí n lè mọ èyí tí í ṣe tèmi."

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni. Ní aago márùn-ún, ilẹ̀ ti ṣú.
Ọkọ̀ fọn fèrè, gíláàsì wa gbọ̀n.
Mo tan iná Mọ́rìn. Gílóòbù kan, aláìníbòrí.
"Ṣé ó rí wa?" Mofìyìn gun àga.
Odidi ìlú kan ló ń kọjá lọ, ó ń tàn yòò,
kò wojú ẹnì kankan.
Àfi lókè lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kékeré tí wọ́n so rọ̀,
ohun kan ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta:
tọ́ọ̀ṣì tó máa ń fi wo mítà.

A pa tiwa, a tún un tàn. A pa á, a tún un tàn.
Lálẹ́ yẹn, n kò ṣírò rẹ̀.

Òdòdó rẹ̀ rèé lórí síǹkì.
Omi gbígbóná kò sí.
Mo fi tútù wọ́n ọn.