Ewé Lójú Títì

Kámẹ́rà mẹ́fà ni mò ń ṣọ́ lóru ní Ògèrè,
nínú yàrá kan lẹ́yìn ibi tí àwọn tírélà ń sùn sí,
èmi àti fúláàsì tíì
tó máa ń tutù kí aago méjì tó lù.

Kámẹ́rà wa ò létí.
Irin á já lu irin, gíláàsì á fọ́ yángá,
gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ bí ẹja.

Lóru Ọjọ́bọ̀ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
tírélà sìmẹ́ǹtì dákú lápá ọ̀nà Ìbàdàn.
Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó wọgbó, ó já ẹ̀ka,
ó tò ó sẹ́yìn ọkọ̀, ogún ìṣísẹ̀, ogójì,
bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n:
ewé lójú títì, ọkọ̀ ti kú níwájú.
Ẹ̀rọ wò ó, ó kọ ọ́ sílẹ̀: Pàǹtírí. Kò léwu.
Aago ìkìlọ̀ kò dún.
Mo ń bu tíì, kí n má purọ́.

Tánkà kan kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ gbá ewé lọ.
Bọ́ọ̀sì ọlọ́bì láti Ṣágámù ló tẹ̀ lé e.

Ẹnjiníà Ṣóbándé ní kí n dá àwòrán padà, kí n ka àáyá.
Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mejìlá.
Obì pupa, obì funfun, tí gbogbo wọn rí bí eérú lójú kámẹ́rà,
ń ṣa ara wọn jọ sínú àpò;
ọkùnrin tó wà nílẹ̀ dìde, ó fẹ̀yìn rìn wọkọ̀;
ewé fò bọ̀, ó jókòó sí àyè rẹ̀.
Bí mo bá dá a dúró níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kú.
Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Mo tún tẹ̀ ẹ́ síwájú.

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni ewé fi wà nílẹ̀.
Ọkọ̀ mẹ́rìndínláàádọ́rin rí i, wọ́n yà.
Awakọ̀ tí kò mọ̀wé mọ ewé;
ẹ̀rọ tó mọ̀wé ni ò mọ̀ ọ́n.

Ní báyìí, èmi àti Mọrẹ́nikẹ́ ń kọ́ ọ:
ẹ̀ka gẹdú, imọ̀ ọ̀pẹ, igi ẹ̀gẹ́,
èyí tí táyà ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, èyí tí òjò lẹ̀ mọ́lẹ̀.
Èyí, afẹ́fẹ́ ló já a.
Èyí, ọwọ́ ènìyàn ni.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àwòrán, ó ṣì ń ṣì í mú.

Láàárọ̀ àná, mo ń relé ní Ìpẹru,
ẹ̀ka dongoyárò kan wà létí títì, ó ti gbẹ.
N kò rí ọkọ̀ kankan níwájú.
Mo fọwọ́ kan ọlọ́kadà léjìká:
rọra.