Oòrùn La Fi Sọ Ọ́ Lórúkọ

Lábẹ́ ọdán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Pàkátà,
níbi tí omi gọ́tà ti ń yà sọ́wọ́ òsì,
ni Sàká ń jókòó sí, lórí àpótí ọṣẹ:
abẹ́rẹ́ gígùn, wáyà, òwú dúdú,
ẹ̀mú tó ti ké létí.
Agboòrùn tó ti kán sùn yí i ká
bí àdán tí òkò bà.

Mo lọ gba ti ìyá mi lóṣù Júláì kan,
òjò ti ń ta ìka sórí páànù.
Aṣọ iléèwé ló wà lọ́rùn mi,
mo sì bi í ní ìbéèrè ọmọ iléèwé:
“Bàbá, ta ló kọ́kọ́ ṣe agboòrùn?
Tíṣà ní Ṣáínà ni. Ó ní ká kọ ọ́ sílẹ̀.”

Kò gbójú sókè.
Ó fẹnu lá orí òwú, ó fi bọ ojú abẹ́rẹ́.
“Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ṣe ewé kókò?
Bàbá bàbá mi ti oko bọ̀ lọ́nà Òkè-Oyi,
ewé kókò ló dà borí;
ìyàwó rẹ̀ da ẹní borí;
ewúrẹ́ wọn kò da nǹkan kan borí,
ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ délé.”
Ó rẹ́rìn-ín. Obì ti kun eyín rẹ̀ lósùn.

“Tún pe orúkọ rẹ̀, kí o fetí sí i.
Agboòrùn.
Òjò ń rọ̀, a ní ẹ bá wa mú agboòrùn.
Oòrùn dà níbẹ̀?
Orúkọ kì í gbàgbé ibi tí wọ́n ti sọ ọ́.
Ọba ló kọ́kọ́ ni ín,
oòrùn nìkan ló sì láyà láti wo ọba lójú,
ni wọ́n ṣe ta aṣọ sáàárín àwọn méjèèjì.
Bó o bá lọ Yídì lọ́jọ́ Iléyá, wò ó:
ó ń yí, ó ń yí, etí aṣọ ń fò fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀;
ẹni tó gbé e dání,
inú oòrùn lorí tirẹ̀ wà.”

Ó fi eyín gé òwú.
“Wọ́n ní ọkùnrin kan gbé e jáde ní Lọ́ńdọ̀nù,
àwọn ọmọ ìta hó lé e lórí pé ó dobìnrin.
Àwọn tó ń fi ẹṣin kérò ta ẹrọ̀fọ̀ sí i láṣọ:
bí olúkúlùkù bá ní òrùlé tirẹ̀ lọ́wọ́,
ta ni yóò wọkọ̀?
Ọlọ́kadà ń wo èmi náà bẹ́ẹ̀.”

Ará Gàmbàrí ń pè é ní lémà.
Ìyá ìyá mi ń pè é ní abùràdà,
bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó bá rélùwéè dé.

Ti ìyá mi, ẹfọ́nhà méjì ló ti kán.
Bàbá mi ló rà á lọ́dún tó lọ sí Kàǹjì.
A ṣì ń retí rẹ̀.
Sàká mọ̀. Kò gbowó.

Lọ́dún tó kọjá mo gba ibẹ̀ kọjá.
Ọdán ti wó. Ti ọwọ́ mi, onírọ́bà tí mo rà ní Póòsì,
afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo ló fẹ́ ẹ,
ó yíjú padà bí ẹni tó sẹ́ gbèsè.
Ọmọbìnrin kan wà níbi àpótí ọṣẹ,
ó ń fi ẹ̀rọ kékeré fúnni lówó,
agboòrùn ńlá aláwọ̀ òféèfèé lórí rẹ̀
pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ fóònù.
“Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n,” ó sún àga.
A di mẹ́rin, a di márùn-ún.
Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́;
mo fi èjìká kan sílẹ̀ fún un.

Ewúrẹ́ kan sá dé láti ìhà gọ́tà,
ó gbọn ara rẹ̀ sí wa lẹ́sẹ̀,
ó dúró.