Agolo Ojú Fèrèsé

Ojú ìwé mẹ́rin ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀
nínú ìwé Sáyẹ́ǹsì tí mo bá ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Kuje.
Olùkọ́ tó ṣíwájú mi ló lẹ̀ ẹ́.
Ó fo orí kẹsàn-án, ó bọ́ sórí ajílẹ̀.
Èmi fi etí rúlà là á, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń ṣí lẹ́tà ẹlẹ́tà.
Àwòrán ilé ọmọ ya lápá kan.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì yà á padà sára pátákó.

Ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ọyẹ́ ń fẹ́ eruku gba abẹ́ ilẹ̀kùn.
Dánlàmí bojú. Ngúvan ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
Lẹ́yìn pátápátá, ẹnì kan pa ẹ̀rín mọ́ ọ̀fun
títí ó fi di ikọ́.
Mo ní: ìbàlágà.
Mo ní irun á hù níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀,
ohùn á máa já lójú ọ̀nà bí ṣéènì kẹ̀kẹ́,
ẹ̀jẹ̀ á wá, kì í ṣe ọgbẹ́.
Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi pe orúkọ àwọn ẹ̀yà tó kù,
torí ní èdè ìyá mi, inú èébú nìkan
ni mo ti gbọ́ wọn rí.

Ìyá mi. Lọ́jọ́ tèmi, ní Ọ̀ffà, gbólóhùn kan ló sọ:
"Ọkùnrin tó bá fọwọ́ kàn ọ́ báyìí, oyún ni."
Ó na àkísà funfun kan sí mi, ó padà sídìí ìkòkò.
Oṣù mẹ́ta gbáko, n ò gba ṣéńjì lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì.
Mo ní kó jù ú sílẹ̀, kí n ṣà á.
Àbúrò mi ọkùnrin sunkún:
kí ló ṣe tí n kò fi bá a ṣeré mọ́?

Agolo Mílò kan nìyí, mo dá ìdérí rẹ̀ lu.
Mo gbé e sójú fèrèsé, níbi tí òjìji dongoyárò ń dé.
Ẹ béèrè. Ẹ má kọ orúkọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo tú u sórí tábìlì.
Béèyàn bá wẹ̀ lódò tí ọkùnrin ti wẹ̀, ṣé ó lè lóyún?
(Rárá. Ẹ wẹ̀.)
Àǹtí, ọmú mi kan ti yọ, èkejì ńkọ́?
(Ó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn.)
Mo máa ń jí bá aṣọ mi ní tútù, kì í sì í ṣe ìtọ̀. Ṣé àìsàn ni?
(Kì í ṣe àìsàn. Fọ aṣọ rẹ, má sunkún.)

Bàbá kan gun ọ̀kadà wá láti Rúbòchí.
"Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ la ojú ọmọ mi ni?"
Mo ní: Bàbá, ó ti là.
Ohun tó ń rí ni mi ò mọ̀.

Ìwé kẹtàdínlógún. Bírò aláwọ̀ ewé.
Wọ́n ká a kéré bí hóró oògùn ibà:
Tó bá jẹ́ ẹni tó ń gbé ilé wa,
tó sì ní tí mo bá sọ, wọ́n á lé màmá mi jáde,
ṣé èmi ni mo jẹ̀bi?

Ẹnu mi gbẹ.
Mi ò wá ẹni tó ni bírò náà. Ara ògiri ni mo wò.
Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, mo fi Hausa mi tó ń tiro sọ ọ́,
mo sọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú,
bí ò tilẹ̀ ju ọmọ mẹ́ta tó gbọ́ ọ lọ:
Rárá. Kì í ṣe ìwọ.
Ẹni tó ní kí o má sọ, òun ló mọ ohun tó ṣe.
Sọ ọ́. Bí ẹni àkọ́kọ́ ò bá gbọ́, sọ fún ẹlòmíràn.

Agogo lù. Wọ́n tú síta, kúlíkúlí, ariwo, bọ́ọ̀lù.
Ẹnì kan dúró, ó ń gbá kíláàsì
tí wọ́n ti gbá láàárọ̀.
Ó gbá a dé ẹsẹ̀ mi, ó tún padà.
Mo gbé báàgì mi kalẹ̀.
Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún mi kan àyà,
mo fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.